Kọ́múníìsì, Sàká àti Ìbéèrè Tí A Kò Dáhùn

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ yìí, ìtìjú ló gbé e wá. Ní ìpàdé Àsàlátù wa kan ní Bẹẹrẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wa, ọmọ Bẹyẹrúnkà, nawọ́ sókè. Ó ní òun ka ìwé kan nípa kọ́múníìsì, ó sì dà bí ẹni pé ohun tí wọ́n wí níbẹ̀ nípa àwọn olówó jọ ohun tí al-Qur'an Alápọ̀n-ọ́nlé wí nípa àwọn tó ń kó owó pamọ́. Ó ní ṣé ènìyàn lè jẹ́ Mùsùlùmí kó tún gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́? Kí a tó mí, ẹnì kan ti pè é ní kèfèrí. Àwọn mìíràn bú sẹ́rìn-ín. Àwa tó yẹ kí a dáhùn, ṣe ni a ní kí ó jókòó. Láti ọjọ́ náà ni kò ti wá mọ́.

A ti lọ ka ohun tó kà. Èsì tó yẹ kí a fún un lọ́jọ́ náà ni a fẹ́ kọ síbí, kí ẹlòmíràn tó bá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ má baà gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ tako ọ̀rọ̀, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé e. Karl Marx, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n bí ní 1818, tó sì kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1883, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Friedrich Engels ni wọ́n gbé ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní 1848 láti ṣàlàyé ètò yìí. Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sí Ọjà'ba kó lè yé wa. Ọmọ iṣẹ́ kan ń bá télọ̀ ránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ kì í ṣe tirẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe tirẹ̀, apá rẹ̀ nìkan ló ní. Ó rán aṣọ mẹ́wàá lọ́sẹ̀, owó aṣọ mẹ́ta ló kàn án. Owó òwú, iná àti ṣọ́ọ̀bù kúrò nínú ìyókù, síbẹ̀ ó ṣẹ́kù. Èyí tó ṣẹ́kù yìí, Marx ní iṣẹ́ ọmọ náà ló mú un wá, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ń kó o. Ẹni tó bá ń kó o bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn 1,000 yóò ra ẹ̀rọ sí i, àwọn tó ń rán an yóò sì wà níbi tí wọ́n wà. Marx àti Engels ní bí ayé ti ń lọ láti ìgbà ẹrú àti olówó ẹrú nìyẹn, dé ìgbà àgbẹ̀ àti baba ilẹ̀, dé ìgbà òṣìṣẹ́ àti oníléeṣẹ́, àti pé ìjà àárín ìhà méjèèjì ló ń yí ayé padà.

Báwo ni wọ́n ṣe ní a ó bọ́ níbẹ̀? Àwọn òṣìṣẹ́ yóò gba ìjọba, wọn yóò sì sọ ilẹ̀, ẹ̀rọ àti ilé iṣẹ́ di ti gbogbo gbòò. Ní 1875, Marx ṣàlàyé pé ìpele méjì ni yóò jẹ́. Ní ìpele kìíní, bí kálukú bá ti ṣiṣẹ́ tó ni yóò gbà, torí ìwà ayé àtijọ́ ṣì wà lára àwọn ènìyàn. Ìgbà tí ọrọ̀ bá pọ̀ yanturu, tí iṣẹ́ kò sì jẹ́ ìyà mọ́, ni a ó tó máa wo àìní ènìyàn ká tó fún un, kì í ṣe iye iṣẹ́ tó ṣe. Engels fi kún un pé ìjọba fúnra rẹ̀ yóò máa rọ díẹ̀díẹ̀ títí a kò fi ní nílò rẹ̀ mọ́. Lórí ọ̀nà tí a ó gbà débẹ̀, wọn kò fẹnu kò. Lenin ní Rọ́ṣíà ní ẹgbẹ́ òṣèlú tó mọ ohun tó ń ṣe ló gbọ́dọ̀ ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́. Mao ní Ṣáínà gbé e lé àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ní Yúróòpù ní ìbò dídì ti tó.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni èyí, kó gun òkè Màpó, kó wo gbọ̀ngàn tó wà níbẹ̀. Ní oṣù November 1968, àwọn àgbẹ̀ láti àwọn abúlé tó yí Ìbàdàn ká rìn wá síbẹ̀ láti sọ pé owó orí ti pọ̀ jù. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Láti ọdún pípẹ́ ni àjọ tó ń ra kòkó ti ń san iye tó kéré sí ti ọjà àgbáyé fún àgbẹ̀, tí ìyókù ń wọ àpò ìjọba. A kò ní ṣe abòsí: owó kòkó yìí wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ọ̀pọ̀ bàbá wa ló jẹ nínú rẹ̀. Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀ náà jáde láti inú rẹ̀ ní 1965. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó gbin kòkó kò ní iná lábúlé, kò ní omi, kò ní ọ̀nà, owó orí sì ń lé e kiri inú oko. Ohun tí wọ́n ní àwọn lè san ni òkẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ṣílè 30. Ìbọn dún, ẹ̀mí sì lọ. Ní September 1969 wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgodi, wọ́n tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá Tafa Adéoyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, owó orí wálẹ̀ sí £2.

Kò sí ẹni tó ka ìwé Marx fún àwọn Agbẹ́kọ̀yà kí wọ́n tó mọ̀ pé wọ́n ń rẹ́ wọn jẹ. Níbí, a gbà fún Marx. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: wọn kò ní kí a da oko pọ̀ di ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ní ni pé kí a jẹ́ kí àwọn jẹ èrè oko àwọn.

Ibi kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ti da nǹkan pọ̀ ní tòótọ́. Ní 1947, àwọn apẹja kan tẹ Ayétòrò dó sí etí òkun Ìlàjẹ. Kò sí owó oṣù níbẹ̀. Àpò kan ni gbogbo owó ń wọ̀, láti inú rẹ̀ ni oúnjẹ, aṣọ àti ilé ti ń jáde. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n ṣe bàtà, wọ́n ní iná mọ̀nàmọ́ná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan àtùpà. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, ẹ̀sìn ló so wọ́n pọ̀. Ìyẹn ni ó yà wá lẹ́nu jù: ètò tí Marx ní ẹ̀sìn kò ní sí nínú rẹ̀, ẹ̀sìn ló mú un ṣeé ṣe lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà kí kálukú ní tirẹ̀, ìdè náà sì tú. Òkun ló ń jẹ ìlú náà lọ báyìí.

Àwọn ará wa ní Kétu, Ṣakẹ́tẹ́ àti Àjàṣẹ́ rí èyí tí ìjọba fi agbára ṣe. Ní November 1974, Ọ̀gágun Mathieu Kérékou kéde pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè Dahomey yóò máa tọ̀. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ó yí orúkọ ilẹ̀ náà padà sí Benin. Ìjọba gba báǹkì, ó gba títa epo. Nígbà tó fi di 1989, báǹkì ti dẹnu kọlẹ̀, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba kò rí owó oṣù gbà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì dà sí ìgboro. Ní December ọdún náà, Kérékou fúnra rẹ̀ ní òun kò ṣe mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìjọba ni wọ́n sọ nǹkan di tirẹ̀, kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Àwa náà mọ irú rẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà nítorí àǹfààní gbogbo ará ìlú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ ọ̀nà Akánrán bóyá ó ti di olówó.

Kí ni Islam wá wí? Súrà al-Hashr, áyà keje, ní kí ọrọ̀ má ṣe máa yí po láàárín àwọn olówó nìkan. Áyà yìí wà lára ohun tí Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) dì mú nígbà tó kọ̀ láti pín ilẹ̀ Ìráàkì fún àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ́gun rẹ̀. Ó ní kí owó ilẹ̀ náà máa wọ àpò gbogbo Mùsùlùmí, títí kan àwọn tí a kò tíì bí. Hadiisi sì sọ fún wa pé àjùmọ̀ní ni omi, koríko àti iná. Ẹni tó bá ní ọgbọ́n kó wo epo rọ̀bì ilẹ̀ wa, kó fi hadiisi yìí wọ̀n ọ́n.

Abu Dharr al-Ghifari, sàhábà ńlá, dojú kọ Mu'awiyah ní ilẹ̀ Ṣáámù lórí ọ̀rọ̀ kíkó owó pamọ́, títí ó fi lọ gbé aginjù Rabadha, níbi tó kú sí. Ọ̀pọ̀ sàhábà kò bá a lọ dé òpin. Wọ́n ní owó tí a bá ti yọ sàká rẹ̀, kì í ṣe owó àkópamọ́ tí áyà ń bá wí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pè é ní kèfèrí. Àwa pe ọmọ Bẹyẹrúnkà ní kèfèrí.

Ìtàn tó wù wá jù ni ti Sa'd ọmọ Rabi' ní Mẹ̀dínà. Ó fẹ́ pín ohun ìní rẹ̀ sí méjì fún Abdur-Rahman ọmọ Awf tó sá wá láti Mẹ́kà. Èyí kò gbà á. Ó tọrọ ìbùkún fún un, ó ní kí wọ́n fi ọjà han òun. Ẹnì kan fẹ́ fún un ní ìdajì láìsí ẹni tó fipá mú un, èkejì sì fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Islam fi àyè sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Níbi tí ènìyàn bá sì ti kọ̀, òfin wà: Abu Bakr gbé ogun ti àwọn tó ní àwọn kò san sàká mọ́. Nítorí náà sàká kì í ṣe sàráà tí olówó ń ju sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Ẹ̀tọ́ tálákà ni, náírà 1 nínú náírà 40, lórí owó tó tó ìwọ̀n wúrà gíráàmù 85 tó sì pé ọdún.

A kò lè bá Marx gbà pé kò sí Ọlọ́hun. Ó ní ẹ̀sìn dà bí oògùn tí ẹni tí ìyà ń jẹ fi ń pa ìrora. Ṣùgbọ́n bí áfáà bá gba àpò ìwé lọ́wọ́ olóṣèlú, tó wá ń sọ fún mẹ̀kúnnù pé kádàrá ni ebi, ta ló ń jẹ́rìí gbe Marx?

A lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà níbi iṣẹ́ rẹ̀, a tọrọ àforíjìn. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wá yìí, ta ló yọ sàká lọ́dún tó kọjá nínú yín?" Mẹ́fà ni a jẹ́. Gbogbo wa la ní owó tó tó o. Ẹni méjì ló lè sọ iye tó yọ.

A ti ra ìwé àkọsílẹ̀. Ní Ọjọ́ Àìkú kìíní oṣù tó ń bọ̀, lẹ́yìn Àsàlátù, a ó ka orúkọ àwa tí sàká kàn, àti àwọn agboolé tó tọ́ sí ní Bẹyẹrúnkà àti Bẹẹrẹ. A ti ní kí òun náà wá bá wa ṣírò rẹ̀. Kò tíì sọ bóyá yóò wá.