Orúkọ Kan Náà, Ìdílé Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

A fẹ́ bi àwọn olùkàwé wa ní ìbéèrè kan: bí ènìyàn bá ń wá orísun ìdílé rẹ̀, tí ẹ̀rí inú ìwé sì tán lójú ọ̀nà, ó ha tọ́ kí ó fi orúkọ nìkan so ara rẹ̀ mọ́ òkú tí kò mọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ń jẹ́ Walsh ní Newfoundland, erékùṣù ńlá kan ní ìlà-oòrùn Kánádà. Púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn ti agbègbè Waterford ní Ireland wá, láàárín nǹkan bí ọdún 1700 sí 1835. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ tí ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ẹja kó lọ bí alágbàṣe, fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan tàbí méjì. Àwọn tí kò padà mọ́ gbé ìyàwó, wọ́n ń pẹja, wọ́n sì ń gbin ọ̀dùnkún sí etí òkun. Talamh an Éisc ni wọ́n ń pe erékùṣù náà ní èdè wọn, èyíinì ni Ilẹ̀ Ẹja.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà ni ó yà wá lẹ́nu jù. Walsh ni a fi rọ́pò Breathnach, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ará Wales. Lẹ́yìn ọdún 1169, nígbà tí àwọn jagunjagun láti ìhà Wales gúnlẹ̀ sí Ireland, ọ̀pọ̀ àjèjì ni a sọ ní orúkọ yìí níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láìjẹ́ pé wọ́n bá ara wọn tan. Nítorí náà Walsh méjì lè gbé èbúté kan náà kí wọ́n má sì ní baba ńlá kan. Orúkọ tí a sì dì mú bí ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀, orúkọ àlejò ni!

Ní 30 June 1922, nígbà ogun abẹ́lé, iná jó ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Dublin. Ìwé ìkànìyàn ọdún 1821 sí 1851 fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣègbé tán, pẹ̀lú ìwé ìrìbọmi púpọ̀ ti Ìjọ Ireland, tí í ṣe arábìnrin Ìjọ tiwa. Ìwé ìjọ Àgùdà kò sí níbẹ̀, ó sì yè. Ṣùgbọ́n ní ìgbèríko púpọ̀, ọkọ̀ ti gbé àwọn ènìyàn lọ kí ìwé náà tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé, ta ni ó pa lára bí ẹnì kan bá yan baba ńlá tí ó wù ú? A kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Òkú náà ní àwọn ọmọ tirẹ̀. Àwọn ọmọ ẹni tí ó yàn án yóò sì ka àbá baba wọn bí òtítọ́. A kò wí pé kí ó jáwọ́. Kí ó wo orúkọ àwọn tí ó ṣe ẹlẹ́rìí níbi ìrìbọmi: bí orúkọ aládùúgbò kan náà bá hàn ní ìjọ Ireland àti ní èbúté Newfoundland, ẹ̀rí náà wúwo ju orúkọ Walsh lọ. Bí kò bá rí i, kí ó kọ Waterford sí ìwé ìdílé rẹ̀, kí ó sì fi àyè orúkọ baba náà sílẹ̀ lófo.