Ṣé A Lè Jogún Ọlá, Ṣé A Lè Jogún Ẹ̀bi?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá wa láti ara ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí ó sì sọ wá di ìran àti ẹ̀yà. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Bí ènìyàn bá tọ ìtàn ìran rẹ̀ lọ sẹ́yìn, tí ó bá ẹni ńlá kan pàdé níbẹ̀, kí ni ó jèrè? Bí ó bá sì jẹ́ ẹni búburú ni ó bá pàdé ńkọ́, kí ni ó pàdánù? Àwọn àgbà wa sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn àgbà kan náà sọ pé ìwà ọmọ ni í sọ ọmọ lórúkọ. Ó dà bí ẹni pé òwe méjèèjì ń ta ko ara wọn. Ilẹ̀ Jámánì ni a ó ti mú àpẹẹrẹ wa, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti rí i kedere pé ìwé ìran kan náà tí ó ń mú inú ẹnì kan dùn lè di ohun tí a ó fi pa ẹlòmíràn.

Ní ilẹ̀ Jámánì, ìwé ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí oríkì àti arọ́kin ń ṣe ní ilẹ̀ wa. Ó ti lé ní 400 ọdún tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti ń kọ orúkọ ọmọ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún, ti ẹni tí ó gbéyàwó àti ti ẹni tí wọ́n sin. Ní 1563, ìpàdé àgbà ìjọ Kátólíìkì tí wọ́n ṣe ní ìlú Trent sọ ọ́ di dandan fún àwọn àlùfáà wọn láti máa kọ ìrìbọmi àti ìgbéyàwó sílẹ̀. Ogun Ọgbọ̀n Ọdún, tí ó jà láti 1618 sí 1648, ba púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà jẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò fi lè tọpa ìran wọn kọjá ìgbà náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù January 1876 ni ìjọba ti gba iṣẹ́ náà jákèjádò ilẹ̀ Jámánì, tí ọ́fíìsì ìjọba fi ń kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú. Ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ bá sì ti ṣí lọ sí Amẹ́ríkà lè wo ìwé orúkọ àwọn èrò tí ọkọ̀ ojú omi gbé ní èbúté Hamburg láti 1850 sí 1934. Lóde òní, ènìyàn lè jókòó sí yàrá rẹ̀ kí ó máa wo púpọ̀ nínú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni ó máa ń padà wá pẹ̀lú ayọ̀ pé àwọn ti rí ẹni olókìkí kan nínú ìbátan àwọn. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀ kí a tó bá wọn yọ̀. Òbí ẹni jẹ́ 2. Òbí àwọn òbí ẹni jẹ́ 4. Tiwọn jẹ́ 8. Bí a bá ń ká a lọ báyìí dé ìran kẹwàá, wọn yóò jẹ́ 1,024. Bí a bá dé ìran ogún, wọn yóò lé ní mílíọ̀nù kan. Láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀, ọba yóò wà níbẹ̀, olè yóò wà níbẹ̀, alágbe yóò wà níbẹ̀. Nígbà tí iye náà bá sì pọ̀ ju àwọn tí ó wà láyé nígbà náà lọ, a jẹ́ pé àwọn kan náà ni ó jẹ́ baba ńlá fún púpọ̀ nínú wa. Ẹni tí ó ń fi ìbátan ọ̀nà jíjìn yangàn, ohun tí aládùúgbò rẹ̀ náà ní ni ó ń fi yangàn, bí aládùúgbò náà kò tilẹ̀ mọ̀.

Ẹ wo Johann Sebastian Bach, tí òkìkí orin rẹ̀ kàn káàkiri ayé. Ní 1735, ọkùnrin yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ìdílé rẹ̀, ó sì to orúkọ ọkùnrin 53 sínú rẹ̀. Ta ni ó fi ṣe ẹni àkọ́kọ́? Kì í ṣe ọba, kì í ṣe ìjòyè. Veit Bach ni, ẹni tí ń ṣe búrẹ́dì, tí ó sá kúrò ní ilẹ̀ Hungary nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, tí ó wá fìdí kalẹ̀ sí agbègbè Thuringia. Ẹni tí gbogbo ayé ń wá láti bá tan, òun wá ìtàn tirẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó bá oníbúrẹ́dì pàdé, ojú kò sì tì í. Àwọn tí ó ń fi Bach yangàn lónìí ì bá kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn lára rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì ni ti Kallstadt, abúlé kékeré kan tí wọ́n ti ń gbin èso àjàrà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù ilẹ̀ Jámánì. Láti abúlé yìí ni bàbá Henry John Heinz ti jáde lọ sí Amẹ́ríkà. Heinz ni ó dá ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe tòmátì inú ìgò tí a mọ̀ kárí ayé sílẹ̀. Ní 1885, ọmọ ọdún 16 kan tí ń jẹ́ Friedrich Trump náà kúrò níbẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Donald Trump, tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 2017, tí ó sì tún padà dé ipò náà ní 2025. Ìwé àkọsílẹ̀ fi hàn pé ìyá tí ó bí bàbá Heinz, ọmọ ilé Trump ni. Ìdílé méjì olókìkí, orírun kan.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìtàn náà tí ó kàn wá ju òkìkí lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìdílé Trump ń sọ pé ọmọ ilẹ̀ Sweden ni bàbá ńlá àwọn. Ó tilẹ̀ wà nínú ìwé tí Donald Trump gbé jáde ní 1987. Ìbátan wọn kan ṣàlàyé pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Júù pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń bá ṣòwò ilé, orúkọ Jámánì kò sì dùn létí wọn. Ẹ kò rí i bí? Ìran tí ẹlòmíràn ń sanwó kí ó lè wá rí ni àwọn kan ń fi pamọ́ nítorí ọjà. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ pe ara rẹ̀ ní ọmọ ẹni tí kì í ṣe bàbá rẹ̀. Lóòótọ́, ìlú ni àwọn wọ̀nyí yí padà, wọn kò sẹ́ bàbá wọn. Síbẹ̀, ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà: ẹni tí ó bá gbà pé ìran ni ó ń fún òun ní iyì, bó pẹ́ bó yá, yóò purọ́ nípa ìran.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wá di ẹ̀jẹ̀ ni ayé Hitler. Ní oṣù April 1933, ìjọba Nazi ṣe òfin pé kí wọ́n lé àwọn Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú òbí àgbà ènìyàn bá jẹ́ Júù, ó tó láti fi lé e. Ní 1935 wọ́n tún ṣe òfin Nuremberg, tí ó kọ ìgbéyàwó láàrin Júù àti àwọn tí wọ́n pè ní ọmọ ẹ̀jẹ̀ Jámánì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wá ń sáré lọ bá àwọn àlùfáà kí wọ́n bá àwọn yẹ ìwé ìrìbọmi wò, kí wọ́n lè kọ orúkọ àwọn baba ńlá wọn sínú ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ahnenpass. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rí wà nínú ewu. Ìwé tí a kọ nítorí ọmọ tuntun àti ìyàwó tuntun ni wọ́n fi ń ya ẹni tí yóò yè sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí yóò kú. Nígbà tí ogun fi parí ní 1945, nǹkan bí mílíọ̀nù 6 Júù ni wọ́n ti pa.

Nínú òkùnkùn yìí ni ìtàn kan ti jáde tí ó kan Nàìjíríà. Ní 1970, a bí ọmọbìnrin kan ní ìlú Munich. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ará Jámánì ni ìyá rẹ̀. Jennifer Teege ni orúkọ tí a fi mọ̀ ọ́n lónìí. Ilé àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí. Lẹ́yìn náà ni ìdílé mìíràn gbà á tọ́. Ó kàwé ní ilẹ̀ Israel, ó gbọ́ èdè àwọn Júù, ó sì ní ọ̀rẹ́ láàrin wọn. Ní 2008, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 38, ó wọ ilé ìkàwé kan ní Hamburg, ó mú ìwé kan lórí pẹpẹ, ó sì rí àwòrán ìyá tí ó bí i lára rẹ̀. Inú ìwé náà ni ó ti kà á pé Amon Göth ni bàbá ìyá òun. Göth ni ọ̀gá ibùdó ìjìyà Płaszów ní ẹ̀bá Kraków ní ilẹ̀ Poland, ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yìnbọn pa ènìyàn, tí wọ́n so kọ́ ní 1946 fún ìwà ọ̀daràn rẹ̀. Òun náà ni fíìmù kan tí ó jáde ní 1993 fi ìkà rẹ̀ han gbogbo ayé.

Ọ̀rọ̀ náà da obìnrin yìí láàmú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dìde. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ó lọ sí Kraków, ó gbé òdòdó sí ibi ìrántí àwọn tí bàbá ìyá rẹ̀ pa. Ní 2013 ó gbé ìwé jáde, ó sì sọ nínú àkọlé rẹ̀ pé bàbá àgbà yẹn ì bá yìnbọn pa òun náà. Òtítọ́ ni, nítorí àwọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá bi ara wa: ẹ̀bi wo ni obìnrin yìí jẹ? Bí ẹnikẹ́ni bá dáhùn pé kò jẹ ẹ̀bi kankan, ìdáhùn yẹn tọ̀nà. Alùkùránì sọ fún wa ní ibi púpọ̀, nínú Sùúrá An'aam (6:164) pẹ̀lú, pé ẹnì kan kì í ru ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba èyí gbọ́dọ̀ gba ìkejì rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí a fi wọn ẹ̀bi ni a ó fi wọn ọlá. Bí ìwà ìkà Göth kò bá lè sọ ọmọ ọmọ rẹ̀ di ìkà, ọgbọ́n Bach náà kò lè sọ ọmọ ìbátan rẹ̀ di ọlọgbọ́n. A kò lè ṣí ilẹ̀kùn fún ògo kí a sì tì í mọ́ ìtìjú.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ọlọ́hun ṣe fi hàn wá. Ọmọ Ànábì Nuhu kò wọ ọkọ̀, ìkún omi sì gbé e lọ. Jíjẹ́ ọmọ ànábì kò gbà á. Bàbá Ànábì Ibrahim ń bọ òrìṣà, èyí kò sì dí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ láti di àyànfẹ́ Ọlọ́hun. Abu Lahab, arákùnrin bàbá Ànábì wa ni, síbẹ̀ sùúrá kan sọ̀kalẹ̀ láti dá a lẹ́bi. Abu Jahl kú gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá ẹ̀sìn; ọmọ rẹ̀, Ikrimah, gba ẹ̀sìn ní àsìkò ṣíṣí ìlú Mọ́kà, ó sì kú sí ojú ogun gẹ́gẹ́ bí mùsùlùmí òdodo. Ànábì wa tilẹ̀ sọ fún Fatima, ọmọ rẹ̀ ọ̀wọ́n, pé òun kò ní lè gbà á lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Bí Fatima bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni àwa?

Ẹnì kan lè béèrè pé: kí ni ìwúlò ìwádìí ìran nígbà náà? Ìwúlò rẹ̀ pọ̀. Sùúrá Hujurat (49:13) sọ pé kí a lè mọ ara wa ni a ṣe dá wa ní ìran-ìran, pé ẹni tí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun jù ni ó lọ́lá jù. Ànábì wa sì ní kí a kọ́ nípa ìran wa, kí a lè so okùn ìbí pọ̀. Ẹ kíyè sí ìdí náà: nítorí kí a lè ṣe dáadáa sí ìbátan ni. Ẹni tí ó mọ ìbátan olókìkí tí ó ti kú ní 300 ọdún sẹ́yìn, tí kò mọ ibi tí arábìnrin ìyá rẹ̀ tí ó ń ṣàìsàn ń gbé, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.

Ẹlòmíràn lè tún sọ pé: bí a kò bá jogún ẹ̀bi, a jẹ́ pé ohun tí baba ńlá wa bàjẹ́ kò kàn wá. Rárá o. Ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ogún, ṣùgbọ́n gbèsè ń bá ogún rìn. Nínú òfin ìpín ogún tí ó wà nínú Sùúrá Nisaa, a gbọ́dọ̀ san gbèsè òkú kí ọmọ kankan tó mú ìpín. Bí ilẹ̀ tí bàbá fi ipá gbà bá wà lọ́wọ́ ọmọ, ọmọ kò jẹ̀bi ìpá náà, ṣùgbọ́n bí ó ti mọ̀ tí ó sì dì í mú, ẹ̀bi tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa ni a ó bi wá léèrè. Òdòdó tí obìnrin yẹn gbé lọ sí Kraków kì í ṣe owó ẹ̀ṣẹ̀. Ó jẹ́ ọ̀nà láti sọ pé òun kò dúró sẹ́yìn ìkà náà.

Nítorí náà, òwe méjèèjì kò ta ko ara wọn. À ń wo ilé nítorí ẹ̀kọ́ tí ilé ń kọ́ni. À ń wo ìwà nítorí ohun tí ọmọ fi ẹ̀kọ́ náà ṣe. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá ń wádìí ọkọ tàbí aya fún ọmọ yín, ẹ béèrè nípa ìrun rẹ̀, òtítọ́ rẹ̀ àti bí ó ti ń ṣe sí òbí rẹ̀. Ẹ má ṣe kọ ọmọ dáadáa nítorí ohun tí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe, ẹ má sì ṣe gba ọ̀lẹ nítorí pé Lèmọ́mù ni bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mú ìwé àti gègé, ẹ lọ bá àwọn àgbàlagbà ilé yín kí wọ́n tó kú, ẹ kọ orúkọ àti ìtàn sílẹ̀ bí wọ́n bá ti sọ ọ́, rere àti búburú. Ẹ má fi irọ́ kún un, ẹ má sì fi òtítọ́ pamọ́. Ẹ̀yin tí òbí yín kì í ṣe mùsùlùmí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré yín. Ànábì Ibrahim ni aṣáájú yín, ẹ sì rántí pé ohùn pẹ̀lẹ́ ni ó fi bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn tí ó ṣáájú wa nínú ìgbàgbọ́, kí ó má ṣe jẹ́ kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa fi orúkọ wa pamọ́ nítorí ìtìjú, kí ó sì fún wa ní iṣẹ́ rere tiwa tí a ó gbé dé iwájú rẹ̀. Àmín.