Òjò Tó Lu Orí Ọmọ Ògún

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní Ìkàrẹ́-Àkókó ni fèrè ti ń jí àwọn àgùnbánirọ̀ ní àgọ́ wọn. Ìkàrẹ́ ni Ìpínlẹ̀ Òǹdó ti ń gba àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ wọn kí wọ́n tó pín wọn sí ìlú àti abúlé. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń yan bíi sójà, tọkùnrin tobìnrin wọn ló ń làágùn. Láti 1973 tí ètò àgùnbánirọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ni àgọ́ ti ń mú ara ọ̀dọ́ le báyìí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ara rẹ̀ le lè dé ibi iṣẹ́ tí wọ́n pín in sí, kí ìdánìkanwà mú un níbẹ̀, kí iṣẹ́ tó ń retí má dé, kí oorun kọ̀ ọ́. Kí ló ń mú ọkàn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dúró?

Ifá ti gbọ́ ẹjọ́ yìí rí.

Ẹsẹ Ifá kan wà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá tú palẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde lórí Ifá ní 1976. Gbogbo orí para pọ̀, wọ́n ṣèpàdé, wọn kò pe Ẹsẹ̀. Èṣù wò wọ́n, ó ní òun fẹ́ mọ bí ohun tí wọ́n ń gbèrò yóò ṣe yọrí sí rere láìsí Ẹsẹ̀ níbẹ̀. Ìjà ni wọ́n fi tú ká. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó lójú.

Ọmọ Ọ̀kà-Àkókó kò nílò ògbufọ̀ fún ìyẹn. Lórí òkè ni Ọ̀kà tẹ̀dó sí, àpáta ló sì yí Ìkàrẹ́ àti Àkùngbá ká. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ń wá kó ará Àkókó lẹ́rú ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú sá gùn, nítorí ẹṣin kò lè lé ènìyàn dé orí àpáta. Ẹni tó ń gbé orí òkè nígbà ogun gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ tí yóò gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sóko, tí yóò tún gbé e gòkè pẹ̀lú omi lórí. Ó sì gbọ́dọ̀ ní ọkàn tí kò ní já nígbà tí ó bá rí eruku ẹṣin nísàlẹ̀. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yẹ̀, ó di ẹrú.

Àwọn oníṣègùn òde òní náà gbè sẹ́yìn Ẹsẹ̀. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020 ní kí àgbàlagbà máa fi 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú èémí yára, bíi ìrìn kánkán, ó sì sọ pé èyí máa ń dín àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kù. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ gun òkè Ọ̀kà lójoojúmọ́ ti ń san èyí tó pọ̀ nínú gbèsè náà láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n Ifá kò dá Ẹsẹ̀ nìkan láre. Nínú Ogbè-Ògúndá, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé, wọ́n fẹ́ yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá alámọ̀. Ẹ wo baba tó bí wọn: Orísèékú jẹ́ ọmọ Ògún, Orílèémèrè jẹ́ ọmọ Ìja, Afùwàpẹ́ jẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Ogun àti ìjà ló bí àwọn méjì àkọ́kọ́. Bí a bá ń wá alágbára, àwọn la ó kọ́kọ́ pè. Afùwàpẹ́ ní òun fẹ́ yà kí baba òun kí àwọn tó lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi í sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ.

Wọn kò bá Àjàlá nílé. Wọ́n wọ inú àká, wọ́n mú orí tó wù wọ́n. Ọ̀kan kò tíì jóná, èkejì tóbi, ó rẹwà, àmọ́ ó ti sán. Lójú ọ̀nà, òjò dé. Amọ̀ ń ṣí, orí ń jẹ, títí orí fi pẹlẹbẹ. Wọ́n dé ayé, wọ́n ṣiṣẹ́ bí erin, èrè kò tó wọn lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa ìtàn náà dé síbẹ̀, wọ́n á ní kádàrá ni, kò sóhun tí ẹ̀dá lè ṣe. Irú kíkà bẹ́ẹ̀ kò ṣe ẹsẹ yìí lóore rárá, nítorí apá tó gùn jù nínú rẹ̀ ni ti Afùwàpẹ́. Ó dé ilé baba rẹ̀, wọ́n dá Ifá fún un, wọ́n ní kó fi iyọ̀ àti owó rúbọ, wọ́n sì fún un nínú rẹ̀ mú lọ. Ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀ dípò iyọ̀, ó bu iyọ̀ sí i fún un. Oníbodè mú un dé ilé Àjàlá, ó sì là á lóye. Wọ́n bá olówó tó ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà, Àjàlá ti sá sórí àjà nítorí gbèsè. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀kalẹ̀, ó fi ọ̀pá irin dán àwọn orí wò, ó mú èyí tó jóná dáadáa fún un. Òjò kan náà tó lu orí ọmọ Ògún lu orí Afùwàpẹ́, kò rí i gbé ṣe.

Òjò kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú ìtàn náà, ìyẹn ló yẹ kí oníkálùkù rí.

Odunayo Adekuoroye, oníjàkadì, ọmọ bíbí Ìpínlẹ̀ Òǹdó, mọ irú òjò bẹ́ẹ̀. Ó ti gba wúrà ìdíje Commonwealth ní 2014 àti 2018, ó ti gba fàdákà àgbáyé ní 2017. Ó dé Òlíńpíìkì Tokyo ní oṣù kẹjọ 2021, gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Nínú ìjà àkọ́kọ́ pẹ̀lú Anastasia Nichita ti Moldova, ó ń léwájú nígbà tí wọ́n dá a délẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀, ó parí. Iṣan rẹ̀ kò dín ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ohun tí òjò ń lù nígbà náà wà níbi tí olùkọ́ ìjàkadì kò lè fọwọ́ kàn. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní Birmingham, ó tún wọ orí ẹní, ó sì gba wúrà Commonwealth ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ògúndá Méjì ní nínú gbogbo òòṣà, Orí nìkan ló lè bá ẹni rin ìrìn àjò tó jìn láìpadà lẹ́yìn rẹ̀. Òtítọ́ ni fún ẹni tó dá wà láàárín pápá.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a ṣì í lò. Kí ènìyàn ṣàìsàn ọkàn kò túmọ̀ sí pé orí rẹ̀ kò jóná, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ kọ́ là ń pè ní ọ̀lẹ. Ìtọ́jú ló yẹ ẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo mọ èyí ní Arọ̀, Abẹ́òkúta, láti 1954: ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní 2023 ni òfin ìlera ọpọlọ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe irú wọn ní wèrè. Ó pẹ́ jù.

Ẹ tún wo Afùwàpẹ́. Baba, oníbodè, Àjàlá: ẹni mẹ́ta ló wà nídìí orí rere kan. Ọkùnrin tí wọ́n sọ fún pé akọ kì í sunkún, tó gbé gbogbo ẹrù sínú, tó ń gbé irin wúwo láràárọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà bi í léèrè, ọ̀nà ọmọ Ògún ló ń tọ̀. Bí àgọ́ Ìkàrẹ́ bá ní wákàtí kan lálẹ́, lẹ́yìn gbogbo eré àárọ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ fi jókòó sọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù fún àgbà tó mọ̀ ọ́n gbọ́, iyọ̀ nìyẹn.

Ẹni tó ń kánjú ni Afùwàpẹ́ náà, ó ti pẹ́ lẹ́yìn. Síbẹ̀ ó dúró lẹ́nu ibodè, ó wo inú ìkòkò oníbodè, ó bi í pé kí ló dé tó fi ń da eérú sí ọbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti yára kọjá lọ tipẹ́.