Ọjọ́ Ìdìbò Ti Di Ohun Ìní Gómìnà

Láti ọdún 2011 títí di oṣù karùn-ún ọdún 2018, àwọn ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò dìbò yan alága káńsù kankan. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí Olóògbé Abíọ́lá Ajímọ̀bi gorí àléfà ti wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó tẹ̀ka fún ẹni tí yóò máa bójú tó gọ́tà àdúgbò wọn. Alága fìdíhẹ ló wà níbẹ̀. Gómìnà ló ń yàn wọ́n, òun náà ló ń yọ wọ́n. Nígbà tí ìdìbò wá wáyé, ọdún kan péré ni àwọn tó wọlé lò. Ọjọ́ tí Ṣèyí Mákindé búra wọlé ní 2019 ló tú wọn ká. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ lóṣù karùn-ún 2021 pé ohun tó ṣe lòdì sófin, ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ ló kù kí sáà wọn pé.

Ti Ọ̀ṣun ló dùn mí jù. Gbóyèga Oyètọ́lá fìdí rẹmi nínú ìdìbò gómìnà ní oṣù keje 2022. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó gbé ìjọba sílẹ̀ fún Adémọ́lá Adélékè, ni wọ́n ṣe ìdìbò káńsù, APC, ẹgbẹ́ Oyètọ́lá, ló sì kó gbogbo ipò alága. Ilé ẹjọ́ wọ́gi lé e. Lóṣù kejì 2025, wọ́n ṣe òmíràn, PDP, ẹgbẹ́ Adélékè nígbà náà, kó gbogbo rẹ̀. Ṣáájú ìyẹn ni ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń du ilé káńsù mọ́ra wọn lọ́wọ́, tí ẹ̀mí sì ṣòfò.

Ọjọ́ ọjà kì í yẹ̀ lọ́dọ̀ wa nítorí olówó kan. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò bá tíì dé, ó di ọjà tó ń bọ̀. Àwọn tó tọ́ wa dàgbà kò jẹ́ dá ọjọ́ fún ènìyàn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ torí pé ó wù wọ́n; ojú yóò tì wọ́n. Ìtìjú yẹn ni mo ń wá lójú àwọn tó ń ṣèjọba wa, tí n kò rí. Èyí tó tún burú ni pé àwa náà ti gbà á bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ìdìbò káńsù, àwọn ọmọdé ló ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò jókòó sábẹ́ igi, wọn ò rẹ́ni tó wá tẹ̀ka. Mo bi ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ nítòsí bóyá ó ti dìbò. “Ọmọ mi, ṣé wọn ò tíì kọ orúkọ ẹni tó wọlé ni?”

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti sọ pé àwọn tí a dìbò yàn ni kó máa darí káńsù. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tún un sọ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ìpínlẹ̀ púpọ̀ sì sáré dá ọjọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ gómìnà náà ni ọjọ́ ọ̀hún ṣì wà. Kí òfin kúkú dárúkọ oṣù àti ọjọ́ fún gbogbo ìpínlẹ̀, kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ má lè fọwọ́ kàn án. Àwọn aṣòfin tí a rán lọ lè ṣe é. Kí wọ́n tó wá tọrọ ìbò lẹ́nu ọ̀nà yín ní 2027, ẹ bi wọ́n.