Ẹsẹ̀ Tí Ó Ń Ba Omi Jẹ́

Nínú Esekiẹli, orí 34, ẹsẹ 18, Olúwa bá àwọn tí ó mu omi tán tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rú ìyókù wí.

Nígbà tí sobìà wà láàárín wa, ìrora ni ó ń mú aláìsàn ki ẹsẹ̀ bọ adágún. Kò ní ète ibi. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni sobìà ń tú ọmọ sí. Kòkòrò wẹ́wẹ́ inú omi a gbé wọn mì, ènìyàn a sì mu ún. Ní ìwọ̀n ọdún kan, ọgbẹ́ titun a yọ. Aṣọ tí a fi sẹ́ omi, àti ẹsẹ̀ tí a fà sẹ́yìn, ni ó ṣẹ́gun rẹ̀: ọdún 2008 ni a rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ kíkorò ẹni tí a ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé ìrora wa tọ Olúwa lọ, kí a má ṣe gbé e wọ inú omi tí gbogbo ìjọ ń mu. Àmín.