Ǹjẹ́ Olè Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Kéré Ju Olè Ojúkojú Lọ?

Bí wọ́n bá ká ọmọkùnrin kan mọ́ ibi tó ti ń wa iṣu olóko ní Ṣakí tàbí ní Ìsẹ́yìn, kò sí ẹni tí yóò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá olè ni. Gbogbo ènìyàn ni yóò pariwo olè lé e lórí, ojú yóò sì ti àwọn òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ kan bá jókòó sínú yàrá, tó fi fóònù gba owó tó lè ra odindi oko iṣu lọ́wọ́ ẹni tí kò rí rí, ọ̀rọ̀ a yí padà. Àwọn kan á ní orí rẹ̀ pé. Àwọn kan á ní, "Ọmọ yahoo ni," wọn á sì rẹ́rìn-ín. Bó bá wá ra ọkọ̀, wọn á máa kí i lójú agbo. Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Ǹjẹ́ olè jíjà dín kù nítorí pé a kò rí ojú ẹni tí a jà lólè?

Ká tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ. Ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìwà ibi tí a fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà hù láti gba owó ẹlòmíràn, láti jí àṣírí rẹ̀, tàbí láti dẹ́rù bà á. Oríṣi rẹ̀ pọ̀. Àwọn kan á pe màmá kan pé báńkì rẹ̀ ló ń pè, pé wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì rẹ̀ pa, kí ó tètè ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀ fún wọn. Nọ́ńbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ àpótí owó rẹ̀. Àwọn kan á fi àlẹ́ẹ̀tì èké ra ọjà, wọn á gbé e lọ, owó kò sì ní wọlé láéláé. Àwọn kan á gba WhatsApp mọ́ ẹni lọ́wọ́, wọn á wá fi orúkọ rẹ̀ yá owó lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́. Àwọn mìíràn á díbọ́n bí olólùfẹ́ fún opó tó ń dá gbé. Àwọn mìíràn á wọ inú í-meèlì ilé iṣẹ́ láti yí nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n fẹ́ sanwó sí padà. Òfin Nàìjíríà ka gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹsẹ 419 nínú ìwé òfin ọ̀daràn wa ti ń bá jìbìtì wí kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé; ní ọdún 2015, ìjọba ṣe òfin tó dá lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní pàtó, wọ́n sì ṣe àtúnṣe sí i ní 2024. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè dáhùn ìbéèrè wa. Òfin lè sọ pé nǹkan kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Ọkàn ènìyàn ni yóò gbà pé kò dára.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí o bá ń wo ojú ẹnì kan, ojú yẹn fúnra rẹ̀ á máa kìlọ̀ fún ọ. O rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́, pé ó lọ́mọ lẹ́yìn, pé ó jọ ìyá rẹ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Orúkọ, àwòrán àti nọ́ńbà ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ibi yìí kì í fi pe ẹni tí wọ́n ń lù ní jìbìtì ní ènìyàn. "Màgá" ni wọ́n ń pè é, tàbí "kíláyẹ́ǹtì". Ẹni tí a bá ti gba orúkọ ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ohun tí a kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Àmọ́ àwọn baba ńlá wa ti bá irú ìdánwò yìí pàdé kí kọ̀ǹpútà tó dé. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, àgbẹ̀ lè pàtẹ ọjà sí ẹ̀bá ọ̀nà, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ sóko láìfi ẹnikẹ́ni ṣọ́ ọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ni yóò kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà náà láti fi sọ iye owó ẹyọ tó jẹ́. Ẹni tó ń kọjá á ka òkúta, á ka owó sílẹ̀, á gbé ọjà rẹ̀. Kò rí ojú ọlọ́jà, ọlọ́jà kò rí tirẹ̀, síbẹ̀ ó mọ̀ pé òun jẹ gbèsè. Ẹnì kan lè ní ẹ̀rù òrìṣà ló ń bà wọ́n. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀: ẹni tó ń kọjá lónìí mọ̀ pé òun náà lè pàtẹ lọ́la, pé bí olè bá ti ba ẹ̀bá ọ̀nà jẹ́, kò sí ẹni tí yóò lè fi ọjà síbẹ̀ mọ́. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ìpàtẹ ẹ̀bá ọ̀nà ti òde òní. Ibẹ̀ ni a ti ń dán ènìyàn wò bóyá ó níwà, tàbí ojú àwọn ènìyàn ló ń tì í.

Àwọn tó ń gbèjà yahoo ní àwíjàre mẹ́ta. Èkíní ni pé òyìnbó ló kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú, pé owó wa ni à ń gbà padà. Kò sí ibi tó yẹ kí a ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò bí Òkè-Ògùn. Ní Òṣóògùn, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ti kó ọmọ kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní ọdún 1821, nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 13. Òun ló padà di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ní 1864. Ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀ pé wọ́n fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, àti pé láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n ń ta òun títí òun fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí. Báwo ni ènìyàn ṣe lè fi ẹṣin díwọ̀n ọmọ ọlọ́mọ? Ẹni tó rà á kò mọ ìyá rẹ̀, kò mọ ilé rẹ̀. Iye owó lásán ni ọmọ náà jẹ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ń gbẹ̀san òwò ẹrú, tó tún ń wo ọmọ ènìyàn bí iye owó, iṣẹ́ àwọn tó ta Àjàyí ló ń ṣe. Gbèsè òwò ẹrú wà lóòótọ́, ó sì tọ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè jókòó sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ṣùgbọ́n opó kan ní Amẹ́ríkà kọ́ ló jẹ gbèsè yẹn, ọ̀dọ́ tó ń náwó nílé ọtí kọ́ ni wọ́n sì jẹ ẹ́. Àti pé ìyá tí wọ́n fi àlẹ́ẹ̀tì èké gba àgbàdo rẹ̀ lọ́jà Ṣakí, ta ni òun kó lẹ́rú?

Àwíjàre kejì ni pé ojúkòkòrò ló pa ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Láàárín 1995 sí 1998, àwọn ọmọ Nàìjíríà kan tan ọ̀gá kan ní Banco Noroeste ní Brazil pé kí ó sanwó sórí iṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú kan ní Àbújá, wọ́n sì ṣèlérí owó ńlá fún òun fúnra rẹ̀. Jìbìtì mílíọ̀nù 242 dọ́là ni wọ́n lu báńkì náà. Ojúkòkòrò ọ̀gá yẹn ló ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n owó náà kì í ṣe tirẹ̀, owó báńkì ni. Ẹ tún wo Ramon Abbas, ẹni tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ̀ sí Hushpuppi. Lára àwọn tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lù ní jìbìtì ni oníṣòwò kan ní Qatar, tó ń wá owó yá láti kọ́ ilé ìwé. Ojúkòkòrò wo ló wà nínú kíkọ́ ilé ìwé? Wọ́n mú Abbas ní Dubai ní 2020, ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà sì rán an lọ sẹ́wọ̀n tó lé ní ọdún 11 ní 2022. Bí ènìyàn bá gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn rẹ̀, àìṣọ́ra rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó wọlé lọ kó ẹrù rẹ̀, olè ni. Àléébù ti àkọ́kọ́ kò pa ẹ̀ṣẹ̀ ti èkejì rẹ́.

Àwíjàre kẹta ló wúwo jù: ebi. Ọ̀dọ́ Òkè-Ògùn lè jáde ilé ìwé gíga kí ó wáṣẹ́ títí láìrí. Ẹni tó bá ń bá ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ ìwà láìsọ̀rọ̀ iṣẹ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè ẹni tí jìbìtì ń sọ di tálákà. Ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn lè ya àwòrán sányán, àlàárì àti ẹtù rẹ̀, kí ó fi han ẹni tó wà ní London láìkúrò nídìí òfì. Ohun tí ẹni náà yóò kọ́kọ́ rò ni bóyá jìbìtì ni. Nígbà tí PayPal ṣílẹ̀kùn fún Nàìjíríà ní 2014, a lè fi í sanwó fún ará ìlú òkèèrè, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún a kò lè fi í gba owó. Ahunṣọ tí kò jalè rí ń jìyà orúkọ tí olè bàjẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ní ebi ló sún òun dé ìdí yahoo ń fi kún ebi ẹlòmíràn, ní ìlú òun gan-an.

Kì í sì í ṣe owó nìkan ni wọ́n ń gbà. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn ọmọ ìyá méjì tí wọ́n wà ní Èkó díbọ́n bí ọmọbìnrin lórí Instagram. Wọ́n tan ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, títí ó fi fi àwòrán ìhòòhò ara rẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n wá ní àwọn yóò fi han ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí kò bá sanwó. Ó san díẹ̀. Wọ́n ní kò tó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìtìjú àti ẹ̀rù ti mú kí ọmọ náà gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ sí Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ sì fún wọn ní ẹ̀wọ̀n ọdún 17 àti ààbọ̀ ní 2024. Ọ̀nà jíjìn tó wà láàárín Èkó àti Michigan kò dín ikú yẹn kù. Ohun tó dín kù ni àánú àwọn tó ṣe é, nítorí pé wọn kò rí ojú ọmọ náà.

Ìdáhùn mi nìyí: olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kò kéré ju olè ojúkojú lọ. Àìríra ẹni kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ di kékeré. Ó kàn ń jẹ́ kó rọrùn láti dá ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òbí tó gba owó tí kò mọ orísun rẹ̀, onílé tó yá wọn ní yàrá tó sì dijú, ẹgbẹ́ tó fi wọ́n ṣe alága ayẹyẹ, gbogbo wọn ló ń gba epo sílẹ̀. Ìbéèrè kan péré lẹ́nu ìyá, "Ọmọ mi, iṣẹ́ wo lo ṣe tó mú owó yìí wá?", lè ṣe ohun tí ọlọ́pàá kò lè ṣe.

Ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ ojúṣe wa. Báńkì kì í béèrè PIN tàbí nọ́ńbà àṣírí lórí fóònù. Ẹni tó bá béèrè, olè ni. Oníṣòwò, wo iye owó inú àkáǹtì rẹ kí o tó gbé ọjà fún ẹnikẹ́ni. Má gbára lé àlẹ́ẹ̀tì nìkan. Bí ọ̀rẹ́ bá fi WhatsApp yá owó, pè é kí o gbọ́ ohùn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹnì kan bá fi àwòrán dẹ́rù bà ọ́, má sanwó, má sì dá a rù. Wá òbí tàbí olùkọ́ kan kí o sọ fún un, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó bínú. Gbogbo àwa tí a ní fóònù lọ́wọ́ la ti di ẹni tó ń kọjá níwájú ìpàtẹ tí kò ní ọlọ́jà. Ẹ jẹ́ ká ka òkúta ibẹ̀ dáadáa, ká sì san ohun tó yẹ.