Ẹ̀rọ Tí Ń Ṣa Èso, àti Èso Tí A Kọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ti ń wá sí wa lọ́kàn láti ìgbà díẹ̀, àwa sì rò pé yóò dára kí a gbé e ka iwájú àwọn òǹkàwé wa, àwọn olùkọ́ pàápàá, kí wọ́n bá wa rò ó: bí ẹ̀rọ bá sọ pé èso kan kò yẹ, ta ni ó sọ ọ́ ní tòótọ́?

Ẹni tí ó bá ti jí lọ sí ọjà ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ti rí ìyá tí ń ta tòmátì bí ó ti ń da agbọ̀n sílẹ̀. Ojú àti ìka ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ó le ni yóò tò sí iwájú. Èyí tí ó ti rọ̀ ni yóò fi sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ẹni tí yóò lọ̀ ọ́ lónìí. Èyí tí ara rẹ̀ ti bó ni yóò dín owó rẹ̀ kù. Èyí tí ó jẹrà pátápátá nìkan ni ó ń bọ́ sílẹ̀.

Ní òkè òkun, ẹ̀rọ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ibi púpọ̀. A ń da ápù sínú omi kí ó má baà fara gbọgbẹ́. Láti inú omi ni yóò ti gun orí àwọn rólà tí ń yí i po, kámẹ́rà a sì máa ya àwòrán rẹ̀ yíká. Kọ̀ǹpútà ń wo àwọ̀, ìtóbi àti àpá ara rẹ̀; irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí sì ń wọ inú rẹ̀ lọ láti mọ bí ó ti dùn tó, láìfi ọ̀bẹ kàn án. Àwa kò fi ojú kékeré wo èyí, nítorí èso kan tí ó jẹrà lè ba gbogbo àpótí jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a lọ sí California. Láàárín ọdún 1960 sí 1969 ni ẹ̀rọ tí ń kórè tòmátì fún àwọn alágolo gbilẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn ènìyàn, obìnrin púpọ̀ nínú wọn, ń dúró lórí ẹ̀rọ láti fi ọwọ́ ṣa àìpọ́n kúrò. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ojú ẹ̀rọ tí ń mọ àwọ̀ gba ipò wọn. Bí tòmátì kò bá pọ́n, ìka ẹ̀rọ a ta á dànù sórí ilẹ̀ oko. Kì í ṣe pé ó jẹrà. Pípọ́n ni a kọ́ ẹ̀rọ láti wá, nítorí pípọ́n nìkan ni alágolo ń rà. Èyí tí ì bá pọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan nínú ilé ìdáná kò ní agbọ̀n tirẹ̀.

Níhìn-ín ni àwa rò pé kókó ọ̀rọ̀ wà. Ojú ẹ̀rọ kò burú ju ti ìyá ọlọ́jà lọ. Iye agbọ̀n ni ó yàtọ̀. Níbi tí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ bá gbé méjì kalẹ̀, ti títà àti ti ìdànù, ẹ̀rọ yóò máa da oúnjẹ nù kánkán ju ọwọ́ lọ. Bí ó bá fi ọ̀kan kún un fún omi èso, òmíràn fún ẹran ọ̀sìn, ẹ̀rọ kan náà yóò pa á mọ́. Òfin pẹ̀lú a máa gbé agbọ̀n kalẹ̀. Àwọn ìjọba àpapọ̀ Yúróòpù ní òfin rí tí ó sọ bí kùkúḿbà yóò ti tọ́ tó. Ní oṣù keje ọdún 2009 ni wọ́n mú irú òfin bẹ́ẹ̀ kúrò lórí irú èso àti ewébẹ̀ 26. Ápù àti tòmátì kò sí nínú wọn.

Kí a má sì di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè ṣírò pé ní ọdún 2022, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ tí ó dé ìsọ̀, ilé oúnjẹ àti ìdílé ni a dà nù, ti ìdílé ni ó sì pọ̀ jù. Kò sí kámẹ́rà ní ìdí ìkòkò wa.

Ó ku àwọn obìnrin orí ẹ̀rọ wọ̀nyẹn. Ní ọdún 1979, àwọn òṣìṣẹ́ oko 19 àti ẹgbẹ́ kan pe yunifásítì California lẹ́jọ́, pé owó ìlú ni ó fi ń ṣe ìwádìí ẹ̀rọ tí ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ilé-ẹjọ́ kọ́kọ́ dá wọn láre ní 1987. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga ju èyí lọ yí i padà ní 1989. Ní gbogbo ọdún mẹ́wàá náà, ẹ̀rọ kò dúró nínú oko.